Nígbà Tí Ìròyìn Bá Dá Ọgbẹ́ Lé Ọgbẹ́

Ní ọdún 2021, ènìyàn 562 ni a pa ní Philadelphia, ìlú ńlá ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbi tí àwọn àgbà orílẹ̀-èdè náà ti fọwọ́ sí ìwé òmìnira wọn nígbà láéláé. Iye náà ga ju ti ọdún kankan tí àwọn ọlọ́pàá ìlú náà ní lákọsílẹ̀ lọ, ìbọn ni a sì fi pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ìbọn bá ti dún ní àdúgbò kan ni àwọn oníkámẹ́rà ti ń dé: wọn a ya ọ̀já aláwọ̀ ìyeyè tí ọlọ́pàá fi ń dínà, wọn a ya iná pupa tí ń ṣẹ́jú lórí ọkọ̀, wọn a ya ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì gbẹ lórí títì, ẹni tí ń ka ìròyìn a sọ ọjọ́ orí ẹni tí ọta bà, a dárúkọ òpópónà, a ní àwọn ọlọ́pàá ṣì ń wádìí ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́, kí ó tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn. Ó pẹ́ púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ohun tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ẹni tí ọta bà tí kò sì kú.

Lára àwọn tí ó bèèrè ni Dókítà Jessica Beard, oníṣẹ́ abẹ tí ń tọ́jú àwọn tí ìbọn bà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Temple, ní àríwá Philadelphia. Jim MacMillan, ayàwòrán ìròyìn tí ó wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ Associated Press fi gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 2005 nítorí àwòrán ogun Iraq, ti dá ibùdó kan sílẹ̀ ní ìlú náà tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí bí a ti ń ròyìn ìwà ipá ìbọn àti bí a ṣe lè tún un ṣe. Beard sì ni ó darí ìwádìí ibẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti ènìyàn 26 tí ìbọn bà, wọ́n sì bèèrè lọ́wọ́ wọn bí ó ti rí lára wọn nígbà tí wọ́n gbọ́ ìtàn ara wọn lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ikú tí ó fẹ́ pani, bí ó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ ni ó yẹ kí á dá. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn wọ̀nyí wí fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí àyè dúpẹ́. Wọ́n ní ìròyìn náà ti sọ wọ́n di ẹni tí kò jámọ́ nǹkan kan, nítorí kò sí oníròyìn tí ó wá bi wọ́n léèrè. Ọlọ́pàá ni ó sọ̀rọ̀ ní orúkọ wọn, ọ̀rọ̀ náà a sì máa lábùkù, bóyá nípa ibi tí ọta ti wọlé, bóyá nípa ohun tí wọ́n ń ṣe níta ní wákàtí náà. Àwọn mìíràn rí àwòrán ibi tí wọ́n ṣubú sí, ìpayà ọjọ́ náà sì tún padà kún inú wọn. Ojú àpá kì í jọ ojú ara, àwa náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń fi àwòrán ọgbẹ́ rẹ̀ hàn gbogbo ìlú kí ó tó di àpá rárá, báwo ni ti onítọ̀hún yóò ti rí?

Ọ̀kan wà nínú ẹ̀sùn wọn tí mo fẹ́ kí á dúró tì díẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni tí kò bá dùbúlẹ̀ sí orí ibùsùn náà rí lè má fura sí i láéláé. Àwọn oníròyìn a máa dárúkọ ilé ìwòsàn tí a gbé ẹni tí ọta bà lọ. Lójú olóòtú tí ó jókòó sí ọ́fíìsì, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àlàyé ni, àmì pé a ṣiṣẹ́ wa dáadáa. Lójú ẹni tí ó dùbúlẹ̀, tí a fi rọ́bà sí nímú, tí kò lè sáré, tí ó sì mọ̀ pé ẹni tí ó yìnbọn fún òun ṣì ń rìn káàkiri ìgboro, ó dà bí ẹni pé a ti júwe ọ̀nà ilé rẹ̀ fún apànìyàn. Kò sí òǹwòran kan tí ìmọ̀ rẹ̀ yóò dínkù bí a bá fi orúkọ ilé ìwòsàn náà sílẹ̀. Síbẹ̀ àṣà ni, a sì ń bá a lọ nítorí pé bí àwọn tí ó ṣáájú wa ti ń ṣe é nìyẹn.

Àṣà náà sì ní orírun. Philadelphia yìí gan-an ni a ti bí i. Ní ọdún 1965, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n KYW bẹ̀rẹ̀ irú ìròyìn kan tí wọ́n pè ní Eyewitness News, níbi tí oníròyìn ti ń sọ̀rọ̀ láti ojú ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1970, ilé iṣẹ́ kejì, èyí tí a mọ̀ sí WPVI lónìí, gbé Action News jáde, tí ìtàn rẹ̀ kúrú, tí ó yára, tí àwòrán rẹ̀ sì ń ṣẹ́ wìrìwìrì tẹ̀lé ara wọn. Owó wọlé, òǹwòran pọ̀, gbogbo Amẹ́ríkà sì wò wọ́n ṣe. Ọ̀ràn ìpànìyàn ni ó bá irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ mu jù, nítorí pé kò gba àròjinlẹ̀: a kò ní ka ìwé ìṣúná ìjọba, a kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, a ó kàn gbọ́ ọ lórí rédíò ọlọ́pàá, a ó gbé kámẹ́rà, a ó lọ. Àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú tí iṣẹ́ ti tán ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ wọn ni kámẹ́rà wọ̀nyí ń yà sí jù lọ, láì sí oníròyìn tí ó padà lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí ìbọn kò dún. Ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Lyndon Johnson gbé kalẹ̀ lẹ́yìn rògbòdìyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà ní ọdún 1967, tí Gómìnà Otto Kerner ṣe alága rẹ̀, ti kìlọ̀ fún àwọn oníròyìn nínú àbọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1968 pé ojú aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n fi ń wo ayé. Wọ́n gbọ́, wọn kò ṣe é tán.

Ìbàjẹ́ tí ó tẹ̀lé e kò mọ sí ara ẹni tí ọta bà nìkan. Shanto Iyengar, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìṣèlú, kọ̀wé ní ọdún 1991 lórí ohun tí ó rí nígbà tí ó fi oríṣiríṣi ìròyìn tẹlifíṣọ̀n han àwọn ènìyàn: bí ìròyìn bá dá lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo, láì sọ ohun tí ó fà á, òǹwòran a máa di ẹ̀bi ru ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, bí ìròyìn bá sọ ti ipò tí ìlú wà, òǹwòran a máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tí Beard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá yẹ ìròyìn ìbọn lórí tẹlifíṣọ̀n Philadelphia wò, wọ́n rí i pé bíi mẹ́rin nínú márùn-ún ni ó jẹ́ irú ti àkọ́kọ́ yìí. Ó dà bí ẹni tí ń ròyìn ibà ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò, lálaalẹ́, fún ogún ọdún, tí kò sì dárúkọ ẹ̀fọn tàbí gọ́tà rí. Abájọ tí òǹwòran fi ń gbà pé bí Ọlọ́run ti dá àwọn ará ibẹ̀ nìyẹn.

A sì tún gbọdọ̀ wo ohun tí kì í dé orí tẹlifíṣọ̀n rárá. Ìwádìí kan lórí àwọn tí a dìídì yìnbọn fún ní Philadelphia, Cincinnati àti Rochester ní ọdún 2017 fi hàn pé bí ìdajì wọn péré ni ìròyìn mẹ́nu kàn. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, àwọn tí ìbọn pa ní ọdún 2021 jẹ́ 48,830. Nínú wọn, 26,328 ni ó gba ẹ̀mí ara wọn. Ju ìdajì lọ! Ẹni tí ó bá sì ń wo ìròyìn nìkan yóò búra pé ọ̀tá ní òpópónà tàbí wèrè ní ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń fi ìbọn pa gbogbo wọn, kò ní ronú pé ìbọn tí baba kan tì sínú dúrọ́ọ̀ nílé ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ni ó yẹ kí a kọ sára ògiri gbogbo ilé iṣẹ́ ìròyìn, nítorí pé nínú ọ̀ràn ìbọn, ohùn ọlọ́pàá ni ó ń ṣíwájú, òun náà ni ó sì ń kẹ́yìn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa ọmọdé 19 àti olùkọ́ 2 ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Uvalde, ìpínlẹ̀ Texas. Ohun tí àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ sọ, tí gbogbo ayé sì tún sọ, ni pé àwọn ọlọ́pàá fi ìgboyà sáré kojú rẹ̀. Àwọn òbí tí ó dúró síta mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ojú wọn ni ó ṣe. Wọ́n ń ké, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn ọlọ́pàá wọlé. Nígbà tí òtítọ́ jáde, ìṣẹ́jú 77 ni ó ti kọjá kí wọ́n tó wọlé pa apànìyàn náà. Oníròyìn tí ó bá bi ìyá kan léèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni yóò ti gbọ́ ohun tí ìwádìí ìjọba wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ní ti ìpànìyàn ńlá bí irú èyí, ewu mìíràn tún wà: apànìyàn a máa kọ́ apànìyàn. Olùwádìí Sherry Towers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2015 tí ó fi hàn pé lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òmíràn ṣẹlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún bí ọjọ́ 13. Àwọn òbí kan tí a pa ọmọ wọn sí ilé sinimá ní Aurora, ìpínlẹ̀ Colorado, ní oṣù Keje ọdún 2012, ni ó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo tí wọ́n pè ní No Notoriety, pé kí a yé fi orúkọ àti fọ́tò apànìyàn ṣe ìròyìn ojoojúmọ́. Jacinda Ardern, olórí ìjọba New Zealand nígbà náà, ṣe bí wọ́n ti wí lẹ́yìn tí oníbọn kan pa ènìyàn 51 nínú mọ́ṣáláṣí méjì ní Christchurch ní oṣù Kẹta ọdún 2019. Ó ní orúkọ ẹni náà kò ní ti ẹnu òun jáde. Èmi kò rò pé a gbọdọ̀ pa orúkọ apànìyàn mọ́ ní gbogbo ìgbà, nítorí bí ó bá ṣì wà níta, ìlú ní láti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí a gbé fọ́tò rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a ka ìwé tí ó kọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ìyẹn ti di oríkì tí a ń ki ẹni tí kò yẹ ní kíkì.

Ẹ̀rí wà pé bí oníròyìn bá yí ọwọ́ padà, ẹ̀mí a máa là. Ní Vienna, olú-ìlú Austria, àwọn tí ń gba ẹ̀mí ara wọn ní ojú irin abẹ́ ilẹ̀ pọ̀ sí i láàrin ọdún 1980 sí 1990, ìwé ìròyìn sì ń fi akọlé gàdàgbà kéde ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní àárín ọdún 1987, àwọn onímọ̀ kọ ìlànà fún àwọn oníròyìn pé kí wọ́n dín ariwo kù, kí wọ́n má ṣe sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Àwọn oníròyìn gbà. Láàrin ìlàjì àkọ́kọ́ àti ìlàjì kejì ọdún náà, iye àwọn tí ó ṣe é tàbí tí ó gbìyànjú rẹ̀ níbẹ̀ fi ju 80 nínú 100 lọ sílẹ̀. A kò yọ irin kan, a kò gba ọlọ́pàá kún ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, nígbà tí àwọn agbébọn wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ tí wọ́n sì pa bí 40 ènìyàn, àwòrán òkú nínú ẹ̀jẹ̀ ti kárí WhatsApp àti Facebook kí ọ̀pọ̀ ìdílé tó mọ̀ pé tiwọn wà nínú rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, tí ó jẹ́ pé a kì í túfọ̀ òkú lásán, tí a máa ń wá àgbà tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ kí ó lọ jókòó ti ọlọ́fọ̀, fóònù ni ó túfọ̀ fún wọn.

Ohun tí àwọn ará Philadelphia ń bẹ̀bẹ̀ fún kò jọ ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n fẹ́ kí ìtàn náà pé. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá. Olùwádìí Charles Branas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú ilẹ̀ ahoro 541 ní ìlú náà, wọ́n pín in nípa ṣíṣẹ́ kèké, wọ́n kó pàǹtírí inú àwọn kan kúrò, wọ́n gbin koríko àti igi díẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì fi ọgbà onígi kékeré yí wọn ká; àwọn yòókù wà bí wọ́n ti wà. Àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 ni pé ní àwọn àdúgbò tí òṣì ti pọ̀ jù, ìwà ipá ìbọn fi 29 nínú 100 dínkù ní àyíká ibi tí a tún ṣe. Koríko àti ọgbà onígi! Bí ìbọn bá dún lálẹ́ òní ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ahoro kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni yóò gba oníròyìn láti sọ fún ìlú pé ilẹ̀ yìí wà nínú ohun tí a lè tún ṣe, kí ó sì bi ìjọba ìbílẹ̀ léèrè ìdí tí a kò fi tíì tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn onílàjà àdúgbò, irú àwọn tí Dókítà Gary Slutkin, tí ó ti bá kọ́lẹ́rà àti ikọ́ ẹ̀gbẹ jà nílẹ̀ Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Chicago ní ọdún 2000, tí ó jẹ́ pé ọmọ àdúgbò tí ó ti jáde kúrò nínú ìwà ipá ni a ń rán sí àwọn tí ó fẹ́ gbẹ̀san kí wọ́n tó fa ìbọn yọ. Iṣẹ́ wọn kì í ní àwòrán, nítorí òru tí wọ́n bá ṣe é yọrí ni òru tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ibùdó MacMillan gbìyànjú láti kojú èyí: ó so àwọn ará àdúgbò tí ọ̀ràn ìbọn ti kàn pọ̀ mọ́ àwọn akọ̀ròyìn tí ó mọṣẹ́, kí wọ́n jọ ròyìn, kí ẹni tí ó mọ ilé mọ ọ̀nà bá ẹni tí ó mọ kámẹ́rà ṣe é.

Ní ọdún 2024, iye àwọn tí a pa ní Philadelphia kò tó 300 mọ́, ó dínkù sí ìsàlẹ̀ ìdajì ti ọdún 2021. Ìyẹn náà jẹ́ ìròyìn, ó sì ṣòro ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ láti kọ. Àwọn dókítà Temple ní ohun tí wọ́n rí, àwọn onílàjà ní tiwọn, àwọn tí ń gé koríko ilẹ̀ ahoro ní tiwọn, àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú ní tiwọn. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí ó fà á, ìdáhùn wọn kò ní rí bákan náà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn wà ní ìlú, nọ́ńbà fóònù wọn kò sì ṣòro rí ju ti agbẹnusọ ọlọ́pàá lọ.