Ta Ko Nadal, O Ti Gbè Lẹ́yìn Federer

Nígbà tí Andrew Black àti Edward Wray gbé Betfair jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2000, wọ́n fún àwọn atatẹ́tẹ́ láyè láti ṣe ohun tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀: kéèyàn dúró ní òdìkejì, kó ní lágbájá kò ní borí, kó sì sanwó fún ẹlòmíì bí lágbájá bá borí. Back ni wọ́n ń pe kéèyàn gbè lẹ́yìn ẹnì kan, lay ni kéèyàn ta kò ó. Àwọn kan wá gbà pé ẹni tó bá ti ń ta ko èèyàn ti bọ́ sípò iléeṣẹ́, èrè á sì máa wọlé fún un bó ṣe ń wọlé fún wọn. Níbi tí ẹni méjì péré ti ń figa gbága, tí kò sí ọ̀mì, èrò yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ wo àṣekágbá ìdíje tẹ́níìsì Wimbledon ọdún 2008, tí Nadal ti borí Federer. Ká ní odds Federer, ìyẹn iye tí wọ́n ń fi sọ owó téèyàn ta di púpọ̀ bó bá jẹ, jẹ́ 1.50, ti Nadal jẹ́ 3.00 (èmi ni mo fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe ti ọjọ́ náà). Ẹni tó fi pọ́n-ùn 100 gbè lẹ́yìn Federer á jèrè 50 bí Federer bá borí, á sì pàdánù 100 bí kò bá borí. Ẹnìkejì ta ko Nadal: ó gba tẹ́tẹ́ pọ́n-ùn 50 lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn Nadal. Bí Nadal bá fìdí rẹmi, 50 yẹn di tirẹ̀. Bí Nadal bá borí, á san 100. Èrè kan náà, àdánù kan náà. Nadal tó borí ló mú kí àwọn méjèèjì pàdánù.

Wọ́n á ní títa-ko léwu jù, torí ẹni tó ń wá 50 lè pàdánù 100. Ẹni tó gbè lẹ́yìn Federer náà ńkọ́? Ṣebí 50 lòun náà ń wá. 100 yẹn gan-an lowó tí ẹni tó ta kò fi ta tẹ́tẹ́, Betfair á sì ti dè é mọ́lẹ̀ nínú àkáǹtì rẹ̀ kí eré tó parí. Àtakò tó lágbára ni ti bọ́ọ̀lù: ẹni tó ta ko Arsenal kò gbè lẹ́yìn Chelsea nìkan, ó gbè lẹ́yìn ọ̀mì pẹ̀lú. Òótọ́ ni. Àmọ́ nínú Over àti Under 2.5 (kí góòlù lé ní 2.5 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀) tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń ta lójoojúmọ́, kò sí ìdajì góòlù, ọ̀nà ti tún di méjì nìyẹn.

Ohun tó yẹ kéèyàn máa wò ni iye. Bí a bá lè ta ko Nadal ní 2.94, pọ́n-ùn 51.50 la lè gbà, ohun tí a ó sì san bó bá borí kò tó 100. Ó sàn ju 1.50 ti Federer lọ. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dí.

Ibi tí èrè iléeṣẹ́ ti ń wá gan-an ni pé odds wọn kò pé. Bí wọ́n bá kọ 1.85 sí ọ̀tún, 1.85 sí òsì, ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún náírà sí ìhà kọ̀ọ̀kan á gba 1,850 nínú 2,000 tó fi sílẹ̀. Kò sí ẹni tó fún atatẹ́tẹ́ ní 150 yẹn torí pé ó ta ko Nadal. Kódà, òun náà ní owó kọmíṣàn-án láti san lórí èrè. Ká ní ó jẹ́ ìdá 5 nínú 100: 50 di 47.50, yálà ó gbè tàbí ó ta kò. Bí Federer bá borí nígbà 67 nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ 100, èrè pọ́n-ùn 50 ló yẹ kó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lápapọ̀. Lẹ́yìn kọmíṣàn-án, gbèsè 117.50 ló máa bá níbẹ̀.