Esther Afua Ocloo

Esther Afua Ocloo (ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1919 – ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 2002) jẹ́ obìnrin oníṣòwò àti oníléeṣẹ́, ọmọ orílẹ̀-èdè Gánà. Òun ni ó dá Nkulenu Industries sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe oúnjẹ inú ìgò àti inú agolo. Ó sì wà lára àwọn tí ó dá Women's World Banking sílẹ̀, àjọ tí ó ń ṣí ọ̀nà owó yíyá fún àwọn obìnrin tí kò rí jájẹ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ ni irú ìrànlọ́wọ́ tí ó yàn láti ṣe. Kì í ṣe ọrẹ àánú ni ó gbájú mọ́, bí kò ṣe kíkọ́ni níṣẹ́, kíkọ́ni bí a ti ń ṣírò èrè, àti wíwá owó òwò fún ẹni tí báǹkì kò kà sí.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

A bí i ní Peki-Dzake, ìlú àwọn Ewe tí ó wà ní Ẹkùn Volta ní Gánà òde òní. Gold Coast ni a ń pe orílẹ̀-èdè náà nígbà náà, abẹ́ ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì wà. Alágbẹ̀dẹ ni George Nkulenu, bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Georgina, ń mọ ìkòkò, ó sì ń ṣe oko. Ìyá rẹ̀ àgbà ni ó fi í sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ Presbyterian. Nígbà tí ó tẹ̀síwájú lọ sí ilé-ìwé ní Peki Blengo, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, owó kò tó nílé. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń ru oúnjẹ láti ilé lọ, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè é.

Ìwé rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó gbà lọ́wọ́ Cadbury, ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀bùn yìí ni ó gbé e dé Achimota, ọ̀kan lára àwọn ilé-ìwé tí ó lókìkí jù lọ ní Gold Coast. Ó wà níbẹ̀ láti ọdún 1936 títí di ọdún 1941, ó sì gba ìwé ẹ̀rí Cambridge.

Ṣílè mẹ́wàá

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni àwọn ènìyàn ń retí pé kí ẹni tí ó bá jáde ní Achimota wá ṣe. Ocloo kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1942, àǹtí rẹ̀ kan fún un ní ṣílè mẹ́wàá. Ó fi owó náà ra ọsàn, ṣúgà àti ìgò méjìlá, ó se mámáléèdì, ìyẹn jáàmù tí a fi ọsàn àti èèpo rẹ̀ sè, ó sì kiri rẹ̀ tà. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó kàwé tán, ó wá ń kiri ọjà bí ẹni tí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọjà náà tà. Láìpẹ́, Achimota fún un ní iṣẹ́ pé kí ó máa kó mámáléèdì àti omi ọsàn wá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, RWAFF, náà di oníbàárà rẹ̀. Ìwé àdéhùn ọjà yìí ni ó fi hàn ní báǹkì tí wọ́n fi yá a lówó. Bí ilé-iṣẹ́ Nkulenu ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1962, ó kó ilé-iṣẹ́ náà lọ sí Madina, lẹ́bàá ìlú Accra.

Ó yẹ kí a kíyè sí apá kan nínú ìtàn yìí, nítorí òun ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí iṣẹ́ tí ó ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹlòmíràn ràn án lọ́wọ́: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, owó àǹtí rẹ̀, àti àdéhùn tí báǹkì gbà wọlé. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n tẹpá mọ́ṣẹ́ bí òun kò rí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Pínpín ìmọ̀ iṣẹ́

Láti ọdún 1949 sí ọdún 1951, Ocloo wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Achimota. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí oúnjẹ sísè ní Good Housekeeping Institute ní London. Ó tún kọ́ nípa bí a ti ń tọ́jú oúnjẹ kí ó má bàa bàjẹ́, ní ibùdó ìwádìí Long Ashton ti Yunifásítì Bristol.

Nígbà tí ó padà délé, kò fi ìmọ̀ náà pamọ́. Ó kọ́ àwọn obìnrin mìíràn ní ọ̀nà ìgbàlódé tí a ń gbà se oúnjẹ àti tí a ń gbà tọ́jú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè lo ẹ̀kọ́ náà láti bá a dupò lọ́jà. Ìṣòro ńlá ìgbà náà ni pé àwọn ará ìlú kò ka ọjà tí a ṣe nílé sí; ti òkè òkun ni wọ́n gbà pé ó dára. Ocloo kó àwọn oníléeṣẹ́ jọ sínú ẹgbẹ́ kan, ó sì wà lára àwọn tí ó ṣètò ìpàtẹ àkọ́kọ́ fún àwọn ọjà tí a ṣe ní Gánà, ní ọdún 1958. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ náà, tí ó di Federation of Ghana Industries, láti ọdún 1959 sí ọdún 1961. Ní ọdún 1964, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìjọba Gánà lórí oúnjẹ àti ìjẹun aṣaralóore.

Owó òwò fún àwọn obìnrin

Ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọwọ́ àwọn obìnrin ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ òwò oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n báǹkì kì í sábàá yá wọn lówó. Báǹkì ń béèrè ilẹ̀ tàbí ilé gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò, orúkọ ọkùnrin ni ó sì sábà máa ń wà lórí èyí. Àwọn obìnrin ń dá owó jọ láàárín ara wọn. Susu ni a ń pè é ní Gánà, èyí tí àwa Yorùbá mọ̀ sí èsúsú tàbí àjọ. Èsúsú dára, ṣùgbọ́n owó tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni ó lè yí po láàárín wọn.

Ní ọdún 1975, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe àpérò àkọ́kọ́ lórí ọ̀ràn àwọn obìnrin ní ìlú Mẹ́síkò. Níbẹ̀ ni Ocloo àti àwọn mìíràn, lára wọn Ela Bhatt láti Íńdíà àti Michaela Walsh láti Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí jíròrò lórí ọ̀nà àbáyọ. Women's World Banking, tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1979, ni èso ìjíròrò náà. Ocloo ni alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1985. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ oníduúró ni àjọ náà ń ṣe. Báǹkì ìlú ni ó ń yá obìnrin lówó, ṣùgbọ́n bí kò bá rí i san, àjọ náà àti ẹ̀ka rẹ̀ nílùú ni yóò ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbèsè náà. Báyìí ni a ṣe mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn báǹkì.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1979 kan náà, àwọn ọmọ ogun tí ó wà lórí àlééfà ní Gánà wó ọjà Makola Number One ní Accra palẹ̀, wọ́n ní àwọn obìnrin ọlọ́jà ni ó ń kó ọjà pamọ́ tí gbogbo nǹkan fi wọ́n. Ojú ọ̀daràn ni ìjọba fi wo àwọn obìnrin yìí. Ojú oníṣẹ́ tí ó yẹ ní ìrànlọ́wọ́ ni Ocloo fi wò wọ́n.

Síbẹ̀, kò gbà pé owó nìkan ni oògùn òṣì. Gbèsè lè kó ẹni tí kò mọ ìṣirò sínú wàhálà tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí èyí, ó kọ́ àwọn obìnrin bí wọn yóò ṣe mọ iye tí ọjà ná wọn àti èrè tí ó kù. Nínú ìṣirò yìí ni ó ti rí i pé obìnrin tí ń ta ìrẹsì àti ọbẹ̀ lẹ́bàá títì ń rí owó ju ọ̀pọ̀ obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lọ, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kà á sí oníṣòwò.

Ẹ̀yẹ àti ìkẹ́yìn ayé rẹ̀

Ní ọdún 1990, Ocloo di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba Ẹ̀bùn Áfíríkà fún Aṣíwájú nínú ìgbógun ti ebi, èyí tí àjọ The Hunger Project máa ń fúnni nígbà náà. Òun àti Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti Nàìjíríà ni wọ́n jọ gbà á. Ó kú ní Accra ní ọdún 2002, ìjọba Gánà sì ṣe ìsìnkú ẹ̀yẹ fún un. Ilé-iṣẹ́ Nkulenu kò kú pẹ̀lú rẹ̀, Women's World Banking náà sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣílè mẹ́wàá ni a yọ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbésí ayé rẹ̀ ni ó sì lò láti wá irú owó bẹ́ẹ̀, àti ìmọ̀ tí a fi ń ná an, fún àwọn obìnrin tí kò ní àǹtí tí yóò fún wọn.