Òṣùwọ̀n Lámèyítọ́ fún Orin Àfẹnukọ Ayọ̀ Bánkọ́lé

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín ni òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọn orin tí ọ̀dọ́ aṣẹ̀dá orin bá kọ sílẹ̀ lédè Yorùbá. Àpẹẹrẹ wa ni Ayọ̀ Bánkọ́lé, ẹni tí a bí ní Jọ́ọ̀sì ní 1935, tí ó sì di olóògbé ní 1976. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25 nígbà tí ó kọ Three Yoruba Songs ní 1959, fún ohùn ọkùnrin kan àti dùùrù. Ẹ̀kọ́ orin ni ó ń kọ́ lọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà.

Ẹ̀sùn méjì ni a sábà máa ń fi kan irú orin bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé ohùn orin lè ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́. Igba, igbá, igbà àti ìgbà: ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. T. K. E. Phillips, atẹdùùrù ìjọ Kàtídírà ti Marina l'Ékòó láti 1914 di 1962, ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953. Èkejì ni pé ìlànà ìṣọ̀kan ohùn ti Òyìnbó kì í jẹ́ kí orin náà jẹ́ tiwa mọ́.

Ní èrò tiwa, ẹ̀sùn méjèèjì so kọ́ra. Bí ohùn mẹ́rin bá ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà pọ̀, tí ọ̀kan ń gòkè tí èkejì ń sọ̀kalẹ̀, dandan ni kí ẹnì kan ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ṣùgbọ́n orin olóhùn kan bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí: dùùrù ni ó ru ẹrù ìṣọ̀kan ohùn, ẹnu akọrin sì lómìnira láti sọ Yorùbá tí ó gún. Níbi tí ó bá ti lo òmìnira yìí dáadáa, ẹ̀sùn kejì pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìyapa ohùn ni àbùkù, nítorí àyíká ọ̀rọ̀ a máa tú ìtumọ̀. Àbùkù ni nígbà tí ó bá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí orin náà dúró lé. Nítorí náà, kí lámèyítọ́ má ṣe fi ojú nìkan ka orin lórí ìwé. Kí ó kọ́kọ́ bi olùgbọ́ kan ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, tí etí rẹ̀ ti mọ́ wákà àti sákárà, pé: kí ni akọrin náà wí?