Ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná ní Kumasi: Ṣé ilé ló yẹ kéèyàn ti máa ṣáàjì rẹ̀ ni àbí ìta?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń lo iná mànàmáná nílùú Kumasi, lórílẹ̀èdè Ghana, sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè iye owó rẹ̀ àti bó ṣe lè rìn jìnnà tó. Ìbéèrè kan wà tó ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ: mítà ta ni yóò máa fi ṣáàjì rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ará Kumasi ló ń gbé ilé tí ayálégbé bíi mélòó kan ti ń pín mítà kan lò, bíi ilé 'face-me-I-face-you' tí wọ́n mọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn.

Iye tí PURC, àjọ tó ń bu owó iná ní Ghana, fi lé yúníìtì kan kò dúró lójú kan. Bí iná tí mítà jẹ lóṣù bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó yúníìtì ń gbẹ́nu sókè. Tí ọkọ̀ bá wọ mítà àjùmọ̀lò, obìnrin tí kò ní ju gílóòbù kan àti fáànù lọ máa bá wọn san nínú ẹ̀. Ìjà dé nìyẹn. Ohun tó dára jù ni kí onítọ̀hún gba mítà tirẹ̀ lọ́dọ̀ ECG, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, kó tó ra ọkọ̀.

Ẹni tó bá ti ní mítà tirẹ̀, ilé ló sàn fún un, bí kò tiẹ̀ yá. Yúníìtì 40 ni bátìrì irúfẹ́ Nissan Leaf kan ń gbà, sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán sì máa lo bíi wákàtí 18 kó tó kún láti òfo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti Ejisu lọ sí Adum, tó sì ń padà, kò lò ju bíi yúníìtì méje lójúmọ́. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lóru ti tó, bí 'dumsor', ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kò bá dá sí i. Kí oníṣẹ́ iná ṣáà kọ́kọ́ yẹ waya ilé wò, nítorí waya àtijọ́ lè gbóná jóná.

Ẹ̀rọ ìta tó ń yára ṣáàjì, tó bá jẹ́ kilowátì 50, lè gbé ọkọ̀ kan náà dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ńṣe ló ń rọra wọlé, bí ẹni tó ń rọ epo pupa tí ìgò ti fẹ́ kún. Iná ìta sábà máa ń wọ́n jù, torí ẹni tó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ fẹ́ rí owó rẹ̀ padà. Àmọ́ láti Kumasi dé Accra tó bíi kìlómítà 250, bátìrì yẹn kò sì lè gbé èèyàn débẹ̀ láì dúró. Ojú ọ̀nà yìí gan-an ni ẹ̀rọ ìta ti wúlò jù.

Ẹnu ẹ̀rọ kò tún bára mu. CHAdeMO ni Leaf tó ti Japan wá ń lò, GB/T ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ China, CCS2 sì ni ti Yúróòpù. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí olùrà ṣí ojú ibi tí ọkọ̀ ti ń gba iná, kó sì béèrè ní ibùdó tó sún mọ́ ọn bóyá wáyà wọn máa wọ̀ ọ́.