Ìsinmi Ìgbà Ooru ní Ìlú Ńlá fún Ìdílé Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìgbà ooru ni àwọn ilé-ìwé máa ń ti ìlẹ̀kùn wọn fún ìsinmi gígùn. Láti ìparí oṣù karùn-ún tàbí inú oṣù kẹfà títí di oṣù kẹjọ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni àwọn ọmọdé fi ń wà nílé. Oòrùn kì í tètè wọ̀ ní àkókò náà; ní ọ̀pọ̀ ìlú, agogo mẹ́jọ alẹ́ á lù tán kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Àṣà àwọn ènìyàn ibẹ̀ ni pé kí baba, ìyá àti ọmọ di ẹrù wọn nígbà yìí, kí wọ́n sì kúrò ní ibi tí wọ́n ń gbé fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹlòmíràn a lọ sí etí òkun, ẹlòmíràn a gun orí òkè lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń fẹ́ kí ọmọ wọn fi ojú ara rẹ̀ rí ìlú ńlá, níbi tí àwọn ilé ti ga bí ẹni pé wọn yóò kan ọ̀run, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá.

Owó ni ìṣòro tí ó wà níbẹ̀. Ìlú ńlá a máa jẹ owó bí iná ti í jẹ koríko gbígbẹ. Tọkọtaya tí kò tíì bímọ lè sùn sí ibikíbi, wọ́n lè fi àkàrà òyìnbó lásán pa ebi ọ̀sán, wọ́n sì lè rin máìlì márùn-ún láìráhùn. Ẹni tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iye orí ni a fi ń ka owó oúnjẹ àti owó ìwọlé. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í sì í mọ̀ pé baba òun ti sanwó kí àárẹ̀ tó mú òun. Kò ṣọ̀wọ́n kí ìdílé kan gbádùn ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n sì máa san gbèsè rẹ̀ títí di ọdún Kérésìmesì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìdílé kan tí ń gbé ní Columbus, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọmọ Yorùbá ni baba àti ìyá. Baba ń wa ọkọ̀ akérò, ìyá sì jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ń ṣe iṣẹ́ òru. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí baba bá ti ń wọlé ní àṣálẹ́ ni ìyá ń jáde. Bí ìyá bá sì dé ní òwúrọ̀, baba ti ń wá bàtà rẹ̀ kiri. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì rí gbà pọ̀ nínú ọdún. Nínú owó tí wọ́n tọ́jú, wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ti ìyá àgbà tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó sọ́tọ̀, nítorí pé ìyẹn kò ṣeé fi falẹ̀. Èyí tí ó kù ni wọn yóò fi rin ìrìn-àjò. Bí wọ́n bá ṣi ìlú yàn, ó di ẹ̀ẹ̀míràn ọdún kí àwọn ọmọ wọ̀nyí tó tún rí baba àti ìyá wọn pọ̀ ní ọ̀sán.

Ìlú mẹ́ta ni ọkàn wọn fà sí: New York, Chicago àti Washington. Láti Columbus, Chicago tó nǹkan bí máìlì 350, Washington tó nǹkan bí 400, New York sì lé díẹ̀ ní 500. Ọkọ̀ ara wọn ni wọn yóò wọ̀, nítorí pé ìwé ọkọ̀ òfuurufú fún ènìyàn márùn-ún lè gbé ìdajì owó náà lọ kí wọ́n tó kúrò ní ilẹ̀.

New York ni àkọ́bí fẹ́, kò sì ṣe é bá wí. Ọ̀pọ̀ ohun ni ó wà níbẹ̀ tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí Staten Island kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ láti ọdún 1997, ó sì máa ń gba ibi tí ère Òmìnira ti hàn kedere kọjá. Ọmọ tí kò ga ju íńṣì 44 lọ kì í san owó nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ bí ó bá wà pẹ̀lú àgbàlagbà tí ó sanwó. Ọgbà Central Park nìkan tó gbọ̀ngàn eré fún odindi ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n níbo ni wọn yóò sùn? Owó hòtẹ́ẹ̀lì ní New York wà lára èyí tí ó wọ́n jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, yàrá tí ó sì lè gba ènìyàn márùn-ún kò wọ́pọ̀. Baba rántí pé ìbátan òun kan wà ní Brooklyn. Ìyá béèrè pé yàrá mélòó ni ó ní. Yàrá méjì ni. Ẹni tí ó bá gba àlejò márùn-ún sí yàrá méjì fún ọjọ́ mẹ́fà yóò fi ẹ̀rín pàdé wọn ní ọjọ́ kìíní. Bí ó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, okùn ìbátan á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Wọ́n fi New York sílẹ̀ di ìgbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà.

Chicago súnmọ́ wọn jù, afẹ́fẹ́ adágún Michigan sì máa ń tu ìlú náà lára. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé sí ọgbà ẹranko Lincoln Park, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1868. Etí adágún náà ní iyanrìn bí ti òkun, àwọn ọmọ sì lè ṣeré níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Nínú ọgbà Millennium Park, tí a ṣí ní 2004, ògiri gíga méjì kan wà tí ń fi àwòrán ojú àwọn ará ìlú hàn. Lójijì ni ẹnu àwòrán náà á tu omi lé àwọn ọmọdé lórí, tí wọn á sì ké sókè fún ayọ̀. Ibi tí Chicago ti ń gba owó ni àwọn ilé ìkóhun-ìyanu-sí rẹ̀, tí à ń pè ní mùsíọ́mù. Láti wo egungun ẹranko ńlá ayé àtijọ́ ní Field Museum, ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tí kì í ṣe ará ìpínlẹ̀ náà lè san ju 100 dọ́là lọ, kí wọ́n tó tún dé ilé ẹja tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tí ó ní ọmọ tí ó fẹ́ràn omi ju ohun gbogbo lọ kò ní kábàámọ̀ Chicago. Àkọ́bí ìdílé yìí, ohun tí ó fẹ́ràn ni ọkọ̀ òfuurufú àti egungun ẹranko.

Washington ni ó ṣẹ́gun, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Nínú ìlú yìí, ilé mùsíọ́mù tí ó wà lábẹ́ àjọ Smithsonian kì í gba owó ìwọlé. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè wọlé, kí ó sunkún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n sì gbé e jáde. Kò sí ohun tí wọ́n pàdánù. Ọ̀rọ̀ yìí tóbi ju bí ó ti rí lọ. Òbí tí ó ti san 100 dọ́là máa ń fi ipá wọ́ ọmọ tí oorun ń kùn láti yàrá kan dé èkejì kí owó má baà ṣòfò, ìjà níí sì í gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ìtàn bí ó ṣe di ọ̀fẹ́ yẹ ní gbígbọ́. Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ James Smithson, onímọ̀ nípa òkúta àti ohun inú ilẹ̀ ni. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní 1829 ni ó kú, ìwé ìhágún rẹ̀ sì sọ pé kí ọmọ arákùnrin òun jogún ohun tí òun ní. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá kú láìbímọ, kí a kó gbogbo ọrọ̀ náà fún Amẹ́ríkà, kí wọ́n fi dá ilé kan sílẹ̀ ní Washington tí yóò máa mú kí ìmọ̀ gbilẹ̀ láàárín ènìyàn. Ọmọ náà kú ní 1835, kò sì fi ọmọ sílẹ̀. Ní 1838, ọkọ̀ ojú omi kó owó wúrà tí ó ju 100,000 ẹyọ lọ kọjá òkun. Nígbà tí a yọ́ wọn, iye wọn ju 500,000 dọ́là lọ. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni àwọn aṣòfin fi jiyàn lórí ohun tí ó yẹ kí a fi ṣe, kí òfin tó jáde ní 1846. Smithson náà kúkú dé Amẹ́ríkà nígbẹ̀yìn: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1904 ni Alexander Graham Bell, ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù, kó egungun rẹ̀ dé láti Ítálì. Lónìí, ìjọba àpapọ̀ ni ó ń san apá tí ó pọ̀ jù nínú ìnáwó àjọ náà.

Àwọn ohun tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́ tí kò níláárí. Erin ńlá kan tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà dúró sí àárín ilé ìṣẹ̀dá láti 1959, ó sì ń wo gbogbo ẹni tí ń wọlé. Ọkọ̀ òfuurufú tí àwọn Wright, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, fi fò ní 1903 wà ní ilé òfuurufú, pẹ̀lú ọkọ̀ tí ó gbé àwọn tí ó lọ sí òṣùpá padà wá sí ayé ní 1969.

Ohun kan tún wà tí ìyá kò fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ fojú fò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni a ṣí ilé tí a kó ìtàn àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà sí. Ìpele mẹ́ta ni ara ilé náà ní, ó gbòòrò lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí idẹ. David Adjaye, ọmọ Gánà tí a bí ní Tanzania, wà lára àwọn tí ó ya àwòrán rẹ̀, àpẹẹrẹ tí ó sì tẹ̀ lé ni òpó onígi tí àwọn agbẹ́gilére Yorùbá máa ń gbẹ́, tí adé wà ní orí rẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà Áfíríkà wà, tí ọ̀pọ̀ yàrá rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀. Ọpọ́n ìyanu kan tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ wà lára ohun ìní ilé yìí. Láti ilẹ̀ Èkìtì ni Ọlọ́wẹ̀ ti wá, ó sì kú ní 1938. Ọmọ tí a bí sí Ohio, tí kò tíì dé ilé baba rẹ̀ rí, yóò rí i pé ọwọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ wà nínú olú-ìlú orílẹ̀-èdè tí ó ń gbé.

Ó ku bí wọn yóò ṣe ṣe é tí owó kò fi ní tán lọ́nà. Oṣù kẹjọ ni wọ́n mú. Àwọn aṣòfin àti àwọn tí ń bá wọn ṣòwò máa ń kúrò ní Washington nínú oṣù yìí, nítorí náà owó hòtẹ́ẹ̀lì máa ń wálẹ̀. Wọn kò sùn sí àárín ìlú. Ní Maryland tàbí Virginia, ní ẹ̀gbẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí à ń pè ní Metro, ènìyàn lè rí yàrá tí ó ní ibi ìdáná kékeré, kí ìyá sì se ìrẹsì àti ọbẹ̀ bí ó ti wù ú. Oúnjẹ inú mùsíọ́mù wọ́n. Koríko tútù tí ó wà láàárín àwọn ilé náà kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá tẹ́ aṣọ lé e láti jẹ oúnjẹ tí ó gbé wá. Ọkọ̀ wọn yóò dúró sí òde ìlú, nítorí pé ibi ìgbọ́kọ̀sí ní àárín Washington lè dun ènìyàn ju owó oúnjẹ lọ. Àbíkẹ́yìn kò ní san owó nínú Metro, nítorí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má sì yà á lẹ́nu bí ó bá jẹ́ àkàbà tí ń gbé ara rẹ̀ gòkè ni ọmọ náà fẹ́ràn ju erin lọ. Èyí tí ó wà ní ibùdó Wheaton gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 230.

Ooru ni ọ̀tá wọn. Nínú oṣù kẹjọ, ooru ọ̀sán Washington máa ń kọjá ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì máa ń wúwo bí ti Èkó ṣáájú òjò. Láti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dé ilé ìrántí Lincoln, ibi tí Martin Luther King ti sọ̀rọ̀ ní 1963, tó nǹkan bí máìlì méjì. Kí baba má ṣe rò pé ọmọ ọdún mẹ́ta yóò rìn ín tán. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni a ń lọ sí irú ibẹ̀. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ń ṣí, agogo márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n ń tì. Àárín wákàtí wọ̀nyí ni oòrùn mú jù, inú ilé sì tutù. Mùsíọ́mù kan lóòjọ́ tó fún ọmọdé. Àwọn ilé kan, bí ilé ìtàn ènìyàn dúdú, máa ń fẹ́ kí a ti gba ìwé ìwọlé sílẹ̀ ṣáájú bí kò tilẹ̀ sí owó nínú rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó gbéra ní Columbus.

Ọgbà ẹranko ni wọ́n fi sí ọjọ́ ìkẹyìn. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, àwọn ẹranko páńdà méjì tí ó dé láti ilẹ̀ Ṣáínà ní 2024 ni gbogbo ọmọ sì ń béèrè. Ibùdó Metro méjì ni ó súnmọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, kí ó sọ̀kalẹ̀ ní Cleveland Park nígbà tí ó bá ń lọ, nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú. Nígbà tí ó bá ń bọ̀, tí oorun bá ti gbé àwọn ọmọ lọ, kí ó gba ti Woodley Park, nítorí ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà ìyẹn ń sọ̀ sí títí dé ẹnu ibùdó.