Omi Ni Kẹ́ Ẹ Wò, Ẹ Má Wo Oòrùn: Bí A Ṣe Ń Yan Wetsuit

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kà á dípò kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, àkọsílẹ̀ ètò ọ̀sẹ̀ yìí rèé.

Ọ̀kan nínú àwọn olùgbọ́ wa tó ń kàwé ní Plymouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn nínú òkun lóṣù Karùn-ún. Ó ti rí wetsuit kan tó nípọn tó mìlímítà 3, owó rẹ̀ ò sì ga. Ó wá ní, "Ṣé ìyẹn ò ti tó? Ṣebí oòrùn á ti máa ràn nígbà yẹn."

Ìdáhùn mi ni pé kò tó o. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge. Ẹ̀mí wà níbẹ̀.

Kí ni wetsuit ń ṣe gan-an?

Wetsuit ni aṣọ rọ́bà tó máa ń lẹ̀ mọ́ òmòòkùn lára pinpin. Neoprene ni wọ́n ń pe rọ́bà náà. Ẹ fojú inú wò ó bíi fóòmù: inú rẹ̀ kún fún àìmọye ihò tíntìntín tí gáàsì wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé aṣọ yìí kì í jẹ́ kí omi kan ara rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi díẹ̀ máa ń wọlé, ara wa á sì mú un lọ́wọ́ọ́wọ́. Gáàsì inú rọ́bà yẹn ni kì í jẹ́ kí ooru náà tètè sá lọ. Hugh Bradner, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní Berkeley, ló ronú èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ó rí i pé kò dìgbà tí ara bá gbẹ kó tó lè móoru.

Nítorí náà, wetsuit ò ní ooru kankan tó fẹ́ fún yín. Èyí tẹ́ ẹ gbé wá látilé ló ń bá yín ṣọ́. Ó sì yẹ kó ṣọ́ ọ dáadáa, torí omi máa ń gba ooru lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbà á lọ. Ara wa máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 37. Tó bá ti wálẹ̀ kọjá 35, ewu ti dé.

Oòrùn lè tàn yín jẹ

Òkun kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù Kejì àti oṣù Kẹta lòkun máa ń tutù jù, oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án ló sì máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ jù. Tó bá doṣù Karùn-ún, àwọn èèyàn lè ti máa wọ ṣòkòtò péńpé kiri ìgboro Plymouth, kí omi òkun ibẹ̀ ṣì wà ní nǹkan bíi dígírì 11 sí 13.

Ẹ tún wo Arraial do Cabo ní ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro, ní Bràsíl. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, atẹ́gùn máa ń ti omi tó wà lókè kúrò, omi tútù abẹ́ òkun á sì rú wá sókè dípò rẹ̀. Oòrùn á máa jó yín lórí yanrìn, omi á sì lè relẹ̀ ju dígírì 18 lọ. Nílé wa níbí pàápàá, láti Èkó dé Kútọnu àti Lomé, òkun tó sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 27 sí 29 máa ń tutù sí i láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án.

Bákan náà, orí omi ọ̀tọ̀, ìsàlẹ̀ omi ọ̀tọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ẹ lè ṣàdédé kan omi tó tutù ju èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là kọjá lọ. Torí náà, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi àwọn tó fẹ́ mú yín lọ ni pé: "Dígírì mélòó lomi wà lọ́sẹ̀ yìí, níbi tá a máa dé nísàlẹ̀?"

Mìlímítà mélòó fún omi wo?

Dígírì 29 sókè: aṣọ tínrín tó ń dáàbò bo awọ ara, tàbí wetsuit péńpé tí kò kọjá orúnkún.

Dígírì 25 sí 28: mìlímítà 3 tó bo apá àti ẹsẹ̀. Ó bá òkun Cuba mu ní ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́dún.

Dígírì 20 sí 24: mìlímítà 5. Irú omi tẹ́ ẹ máa bá nínú Òkun Pupa ní Íjíbítì nígbà òtútù nìyẹn.

Dígírì 15 sí 19: mìlímítà 7, pẹ̀lú ìborí, ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà.

Dígírì 10 sí 14: mìlímítà 7 tó fún dáadáa lọ́rùn, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú ìborí tó nípọn. Ọ̀pọ̀ òmòòkùn á ti yàn drysuit níbí, ìyẹn aṣọ tí omi kì í wọ̀ rárá.

Ìsàlẹ̀ 10: drysuit. Ní Silfra, ní Iceland, omi ò ju dígírì 2 sí 4 lọ.

Ìtọ́sọ́nà lèyí o, kì í ṣe òfin. Tẹ́ ẹ bá tínrín, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ mòòkùn lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ẹ wọ èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́

Aṣọ tó nípọn tó sì tóbi jù fún yín ò wúlò. Omi tútù á máa wọlé, á máa jáde, á sì máa kó ooru yín lọ. Mìlímítà 5 tó bá yín mu á fi ẹ̀yìn mìlímítà 7 tó ṣò gbálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wọ̀ ọ́ wò, ẹ yẹ abíyá, ìbàdí àti ọrùn wò, kò gbọdọ̀ sí àyè níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lè mí kanlẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́wọ́ sókè, kẹ́ ẹ sì lóṣòó. Tó bá ń fún yín lọ́rùn bí ẹni pé wọ́n di yín lọ́rùn mú, ẹ bọ́ ọ.

Ẹ tún mọ̀ pé bẹ́ ẹ ṣe ń jìn sísàlẹ̀ lomi ń tẹ rọ́bà yẹn. Ní mítà 10, agbára tó fi ń tẹ̀ ẹ́ ti di ìlọ́po méjì ti òkè; ní mítà 30, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin. Gáàsì inú rẹ̀ á sún kì, aṣọ á tínrín, ooru tó ń dá dúró á sì dín kù. Aṣọ tó nípọn tún máa ń léfòó, torí náà, òjé tẹ́ ẹ máa so mọ́ra á pọ̀ sí i. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ aṣọ, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yín bá yín wọn òjé yín lọ́tun.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn?

Omi tútù òjijì máa ń mú kéèyàn máa mí gúlegúle láìfẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹni tí ìka rẹ̀ ti kú lè má lè tẹ bọ́tìnnì, ó sì lè má lè tú ìdè òjé. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ̀n tí ò dáwọ́ dúró, ẹ fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún ẹnì kejì yín, kẹ́ ẹ jọ rọra gòkè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní ti owó, ẹ háyà ná kẹ́ ẹ tó rà. Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ fi ìka tẹ rọ́bà rẹ̀: tí kò bá wú padà, ó ti kú nìyẹn. Ẹ yẹ ojú rírán àti síìpù rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Torí náà, olùgbọ́ wa ní Plymouth, jọ̀ọ́, fi mìlímítà 3 yẹn sílẹ̀. Háyà mìlímítà 7 tó bá ẹ mu, pẹ̀lú ìborí àti ìbọ̀wọ́. Tí wọ́n bá ní drysuit ni, jẹ́ kí wọ́n kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń lò ó kó o tó wọ òkun. Omi ò lọ́tàá lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń bá ẹni tí kò wọṣọ tó tọ́ jà.

Tẹ́yin náà bá ní ìbéèrè, ẹ fi ohùn ránṣẹ́. Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.