Ṣé O Mọ̀? Gold Star, Alùpùpù Tó Jogún Orúkọ Báàjì

Ṣé o mọ̀ pé iléeṣẹ́ tó ṣe ọ̀kan nínú àwọn alùpùpù eré ìje tó lókìkí jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe? BSA ni, ìyẹn Birmingham Small Arms, tí àwọn tó ń rọ ìbọn dá sílẹ̀ ní Birmingham lọ́dún 1861. Títí tí wọ́n fi ń ṣe kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù, ìbọn mẹ́ta tó fara ti ara wọn ni àmì wọn.

Alùpùpù kọ́ ló kọ́kọ́ ń jẹ́ Gold Star. Báàjì kékeré kan ni, tí wọ́n ń fi há àyà. Ní pápá eré ìje Brooklands, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá yí pápá po lákòókò ìdíje, tí eré rẹ̀ ju 100 máìlì ní wákàtí kan lọ, ni wọ́n ń fún. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1937, Wal Handley, tó ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú eré ìje, gun BSA Empire Star wọ Brooklands. Ó gba ipò kìíní, ìyípo rẹ̀ tó yá jù sì wọ 107.57 máìlì ní wákàtí kan. Ẹni tó bá sá irú eré bẹ́ẹ̀ láti Àkúrẹ́, ogún ìṣẹ́jú kò ní pé tí yóò fi wọ Oǹdó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, BSA gbé alùpùpù tuntun jáde, wọ́n sì fi orúkọ báàjì tí Handley gbà sọ ọ́ ní Gold Star.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn obìnrin náà gba báàjì yẹn? Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà. Florence Blenkiron àti Beatrice Shilling gba tiwọn ní 1934, Theresa Wallach gba tirẹ̀ ní 1939. Ìnjíníà ni Shilling. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ́ńjìnnì Merlin inú ọkọ̀ òfurufú Spitfire a máa ṣẹ́ kú bí awakọ̀ bá dorí rẹ̀ kodò lójijì, torí epo á ya bo kabúrétọ̀. Ní 1941, Shilling ṣe irin kékeré kan tó ní ihò láàárín, tó ń díwọ̀n epo tó ń kọjá. Ó yẹ kí àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì FUTA, l'Ákùúrẹ́, mọ orúkọ obìnrin yìí.

Blenkiron àti Wallach ní tiwọn gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá 1934, lórí alùpùpù Panther tó ní ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó tún ń wọ́ tírélà lẹ́yìn. Cape Town ni wọ́n ń lọ. Wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láìní kọ́ḿpáàsì. Ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ lọ́nà Agadez, wọ́n tún un tò, wọ́n sì gba Kano kọjá ní Nàìjíríà níbí. Oṣù Keje 1935 ni wọ́n gúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Gold Star. Láti 1949 títí di 1956, òun ló ń gba ipò kìíní nínú ìdíje Clubmans ti 350cc ní erékùṣù Isle of Man. Èyí tí wọ́n ń pè ní DBD34, 500cc, sílíńdà kan ṣoṣo ló ní. Kabúrétọ̀ eré ìje tó wà lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọra ṣiṣẹ́ bí ọkọ̀ bá dúró: bí o bá ṣíwọ́ lórí tọ́tù, ó lè kú. Jíà kìíní rẹ̀ nìkan lè sáré tó 60 máìlì ní wákàtí kan, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni awakọ̀ ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ títí yóò fi gbéra. Gbé e wọ Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ lọ́sàn-án, níbi tí ọkọ̀ ti ń rìn tó tún ń dúró, kílọ́ọ̀ṣì á jó. Ọ̀nà gbọọrọ ni wọ́n ṣe é fún.

Wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é ní 1963. Lára ohun tó fà á ni pé Lucas, tó ń ṣe magneto tó ń fún púlọ́ọ̀gì rẹ̀ níná, kò ṣe é mọ́. Nígbà tó fi di 1973, BSA fúnra rẹ̀ ti dojú dé. Alùpùpù Jàpáànù ti gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 2016, Classic Legends, tó wà lábẹ́ Mahindra ti Íńdíà, ra BSA, wọ́n sì fi Gold Star tuntun, 652cc, han ayé ní Birmingham ní oṣù Kejìlá 2021. Íńdíà ni wọ́n ti ń ṣe é, níbi tí Bajaj àti TVS tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn l'Ákùúrẹ́ àti l'Óǹdó ti wá.